Ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀, omi álíkálì àti béékìn sódà màmá mi: ta ló ń purọ́?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó dìjà nílé wa. Lágere n'Ífẹ̀ là ń gbé. Àwọn kan wá ṣe sẹ́mínà ìlera ní ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi, wọ́n gbé ẹ̀rọ omi kan dání, wọ́n ní ásíìdì ti kún inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa torí ẹran, ìrẹsì àti mínírà. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ò lè gbé inú ẹ̀jẹ̀ tó bá jẹ́ álíkálì, pé dókítà ará Jámánì kan tiẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀. Wọ́n kán oògùn kan sínú omi lásán, ó di yẹ́lò, wọ́n kán an sí omi ẹ̀rọ tiwọn, ó di búlúù, ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá pariwo halelúyà. Wọ́n tún fún màmá ní bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tì bọ ìtọ̀ láràárọ̀, ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ásíìdì ni. Màmá ò jẹran mọ́, ṣíbí béékìn sódà kan ló fi ń ṣínu lówùúrọ̀ títí a ó fi rówó ra ẹ̀rọ náà, owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọ̀kadà. Màmá lẹ́jẹ̀ ríru o, ó ń lo oògùn. Ṣé òótọ́ ni? Ká rà á àbí ká má rà á?

— Ọmọ Lágere

*

Àbúrò, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe ohun tí wọ́n ló ń ṣe. Béékìn sódà yẹn gan-an ló ń já mi láyà ju ẹ̀rọ lọ, màá padà sórí ẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe n'Íléṣà, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ là ń rí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ dá, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì tó) ò kúrò láàárín 7.35 sí 7.45. Orí 7 ni omi lásán wà, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ni ásíìdì, èyí tó bá wà lókè ẹ̀ ni álíkálì. Ṣé o rí i pé ẹ̀jẹ̀ màmá ti jẹ́ álíkálì díẹ̀ kí àwọn yẹn tó gbé ẹ̀rọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Kò sì sí àyè ìranù níbẹ̀ rárá, tó bá já sí 6.8 tàbí tó gòkè dé 7.8, agbára káká lèèyàn fi ń yè é. Ẹ má wò ó pé nọ́ńbà kékeré ni o. Tí pH bá fi 1 péré wálẹ̀, ásíìdì ti di ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn, láti 7.4 sí 7.1 lásán ó ti di ìlọ́po méjì. Sørensen, ará Denmark, ló gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ lọ́dún 1909, níbi ìwádìí iléeṣẹ́ bíà Carlsberg ló sì ti ṣe é, ká má rí ọtí bú jù.

Tó bá jẹ́ pé ìrẹsì àti mínírà lè sọ ẹ̀jẹ̀ di ásíìdì ni, ìnáwó Sátidé kan ṣoṣo ì bá ti gbá gbogbo àdúgbò lọ.

*

Ìyá Ìbejì Sábó béèrè pé ta wá ló ń dá a dúró síbẹ̀, pé ohun tó ń le tó báyìí ò lè máa ṣe ara ẹ̀. Ìbéèrè gidi nìyẹn mà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ásíìdì ti ń wá, torí ibẹ̀ làwọn olówò yìí ti ń ṣì yín lọ́nà. Ara wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Oúnjẹ tí ara bá lò láti fi rí agbára, kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì ló ń kù nídìí ẹ̀, ìyẹn bá bọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀, ásíìdì ló ń dà. Ó tó nǹkan bíi 15,000 mílímóólù (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye irú nǹkan báyìí) lójúmọ́ kan, ẹ̀dọ̀fóró sì ń mí gbogbo ẹ̀ síta láìsí ariwo. Èyí tí kò ṣeé mí síta, tó ń tinú ẹran, ẹja, ẹyin àti irú wọn wá, kò ju bíi mílímóólù 1 lọ lórí kílò kan. Ẹni tó bá wọn 70 kílò, 70 ló ń ṣe lójúmọ́. Nítorí 70 yìí ni wọ́n ṣe ní kí màmá má jẹran mọ́, tí 15,000 ń kọjá lójú wọn.

Nísinsìnyí, kí ásíìdì tó ṣe ìjàǹbá, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ ti gbá a mú, bicarbonate (álíkálì kan náà tó wà nínú béékìn sódà) ni àgbà wọn, hemoglobin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa náà sì wà níbẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bicarbonate máa ń tán o, kò lè máa gbá a mú títí láé, ẹnì kan ní láti kó ásíìdì náà jáde. Ẹ̀dọ̀fóró ló kọ́kọ́ ń dìde. Nísàlẹ̀ ọpọlọ àti lọ́rùn níbi tí iṣan ńlá ti pín sí méjì, ara ní ohun tó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo (Heymans ará Bẹ́ljíọ̀m tó tú àṣírí ti ọrùn gba Nobel 1938 lórí ẹ̀), tí ásíìdì bá ti fẹ́ gòkè pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní kó o máa mí jinlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kábọ́ọ̀nù á ti bá èémí lọ.

Kídìnrín ò yá bẹ́ẹ̀. Ó lè gbà á ní wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ bíi mẹ́ta kí iṣẹ́ ẹ̀ tó hàn dáadáa. Àmọ́ kídìnrín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi ni, òṣómàáló pọ́nńbélé, tó bá ti lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè kò ní dìde títí yóò fi gba owó ẹ̀ pé. Bicarbonate tí ẹ̀jẹ̀ ń sẹ́ sínú ẹ̀ lójúmọ́ ju 4,000 mílímóólù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí ẹyọ kan bá ìtọ̀ lọ. 70 tí ẹ̀dọ̀fóró ò lè mí jáde ńkọ́? Òun náà ló ń lé e sínú ìtọ̀. Ó tún ń ṣe bicarbonate tuntun dípò èyí tó ti bá iṣẹ́ lọ.

*

Ti Nobel, kíákíá. Otto Warburg ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni ó gba Nobel lọ́dún 1931, ṣùgbọ́n orí ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí ni wọ́n fún un, kò sí ibì kankan tí wọ́n ti fún un nítorí pé ásíìdì ń fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ ló máa ń tu ásíìdì sí àyíká ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara ẹni náà sì wà lórí bíi 7.4 ẹ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìdí ọ̀rọ̀ ṣe orí.

*

Ọmọ Ẹ̀rẹ́jà ní òun ò gbà, pé òun ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà èwe, pé bébà ìtọ̀ òun máa ń di búlúù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ṣé bébà náà ń purọ́ ni?

Bébà ò purọ́. Ìtọ̀ lo tì í bọ̀, ìtọ̀ ló ń sọ fún ọ. Ìtọ̀ lè wà ní 4.5, ó lè dé 8 lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ò sì ní kúrò ní 7.4. Ìdí gan-an tí ìtọ̀ fi ń lọ sókè sódò ni pé kí ẹ̀jẹ̀ má baà lọ. Tí ìtọ̀ màmá Ọmọ Lágere bá jẹ́ ásíìdì lówùúrọ̀, kí wọ́n dúpẹ́, kídìnrín ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò fẹ́ jẹ́ ásíìdì rárá nígbà tí ásíìdì pọ̀ lẹ́jẹ̀, ìgbà yẹn làwa ní láàbù máa ń ké sí dókítà.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ó kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ara á jó ásíìdì inú ẹ̀ di omi àti kábọ́ọ̀nù, wàá mí ìyẹn dànù, ìyókù tó so mọ́ potassium (irú iyọ̀ kan tó wà nínú èso) á di bicarbonate, kídìnrín á sì da àpọ̀jù sínú ìtọ̀. Ìyẹn lo rí lórí bébà. Kò burú o, ó tiẹ̀ lè dín òkúta kídìnrín kù fáwọn kan. Àmọ́ má máa fi ẹnu fà á mu lásán láràárọ̀, ó ń jẹ eyín. Ẹ̀jẹ̀ ni kò fọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dọ̀tí.

Omi ẹ̀rọ náà, kó tó dé ibì kankan, inú ikùn ló máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ásíìdì ibẹ̀ wà ní bíi 1.5 sí 3.5. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú ju àyípadà àwọ̀ lọ, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀ parí sí. Ẹ mu omi kànga tí ẹ ti sè tàbí píọ́ wọ́tà tó mọ́, ó tó.

*

Ó yá, béékìn sódà.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ síbí pé kò sí ewu níbẹ̀, ṣebí a fi ń ṣe búrẹ́dì, àwọn míì ní kán-ún tí ìyá àwọn fi ń se ewédú náà ńkọ́. Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò ẹ̀. Ṣíbí tíì kan béékìn sódà ní sodium (ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀) tó lé ní mílígíráàmù 1,200. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kí àgbàlagbà má jẹ ju 2,000 lọ lójúmọ́, iyọ̀ inú ọbẹ̀ àti ti màgí wà nínú ẹ̀ o. Ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru wá ń gbé ju ìdajì ẹ̀ mì kó tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ. Tí BP wọn bá ń ga tí oògùn ò mú un mọ́, ẹ má ti ilé elòmíì wá a.

Pé wọ́n máa ń gùnfẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tí ara wá fúyẹ́, mo mọ̀. Kábọ́ọ̀nù ni, sódà pàdé ásíìdì ikùn, gáàsì jáde. Àyà títa lè rọlẹ̀ fún wákàtí kan, kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ sàn sí i. Ẹni tí àyà ń ta ní gbogbo ìgbà, kó lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kán-ún inú ewédú kéré, ó ń tú ewé ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kán-ún ṣe oògùn inú lójoojúmọ́, sodium kan náà ló ń jẹ.

Ọmọ Lágere, ẹ rọ màmá kó dá sódà yẹn dúró lónìí. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi rọ́pò ẹran, ìyẹn dáa, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ. Kí wọ́n sì fẹja sí i jàre.

*

Ẹnì kan ní òun fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀. Ọmọ àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ hóòlù WAEC, bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ètè ń yún un, ìka ọwọ́ ẹ̀ ká wọnú ara wọn kò ṣeé nà, ni wọ́n bá gbé e lọ sílé àdúrà pé ẹ̀mí òkùnkùn ni.

Rárá o, kò yà kúrò lójú ọ̀nà, òdìkejì ohun tí à ń sọ ni. Ẹ̀rù bà á, ó mí ju bó ṣe yẹ lọ, ó mí kábọ́ọ̀nù dànù ju èyí tí ara ń ṣe lọ, ẹ̀jẹ̀ bá di álíkálì jù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kálísíọ̀mù tó wà lómìnira nínú ẹ̀ máa ń dínkù, iṣan á gan, ọwọ́ á ká kò. Álíkálì tí wọ́n ń tà fún yín lówó ọ̀kadà, ọmọ yẹn fi èémí lásán ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì rí ohun tó fojú rí. Kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n ní kó máa mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á padà. Ti báàgì bébà tí wọ́n ń fi bo imú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, tó bá lọ jẹ́ ikọ́ fée ló ń ṣe é ńkọ́, ẹ ti gba atẹ́gùn lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

*

Nọ́ọ̀sì kan bínú sí mi, ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ásíìdì ẹ̀jẹ̀ ò sí, pé ojoojúmọ́ làwọn ń rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin àǹtí, mi ò sọ pé kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé tó bá dé, àìsàn ló gbé e wá, ẹni náà kò ní lè jókòó ní sẹ́mínà máa pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá rí, ọmọ yunifásítì. Ó ti ń gbẹ, ó ń tọ̀ ṣáá, wọ́n ti fi dírípù ibà àti oògùn táífọ́ìdì sí i lára ní kẹ́mísì. Nígbà tí mo fi máa rí i, ó ń mí jinlẹ̀, ó sì ń yára mí, kò ṣe é kó dúró, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ló wà kò sáré lọ síbì kankan. Ẹnu ẹ̀ ń rùn asítónì tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n ti fi mítà ṣúgà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní kẹ́mísì náà ṣùgbọ́n mítà ti bàjẹ́, "HI" ló ń kọ, bí ẹni ń kí èèyàn. Mítà ò bàjẹ́. HI yẹn, ó ní ṣúgà ti ga kọjá ohun tí òun lè kà. Bicarbonate ẹ̀ tó yẹ kó wà ní 22 lọ sókè, 7 ló kù. Ìtọ̀ ṣúgà ni, ara ẹ̀ kò rí ínsúlínì fi lo ṣúgà, ó bá ń jó ọ̀rá, ásíìdì tó ń ti ibẹ̀ jáde ló ń dà bo ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró wá ń fi gbogbo agbára mí kábọ́ọ̀nù dànù kó lè gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Kussmaul ará Jámánì ti ṣàpèjúwe èémí yìí láti 1874. Omi àti ínsúlínì ni wọ́n fi tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe sódà. Ó yè é.

Ọmọdé tó ń yàgbẹ́ gbuuru náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gba jẹ́jẹ́. Bicarbonate wà nínú omi ìfun, ìgbẹ́ á gbé e lọ pẹ̀lú omi àti iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ á di ásíìdì, ọmọ á rẹ̀, á máa mí sókè sódò. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi sítréètì sínú ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ) tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, ara máa ń sọ ọ́ di bicarbonate. Ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀, ẹ má dín omi kù. Àwọn ìyá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ èyí, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà níbí ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí káàdì, káàdì yẹn ló padà kárí ayé. Ẹni tó ń bì ṣáá ní tiẹ̀, ásíìdì ikùn ló ń pàdánù, òdìkejì ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ ò ri pé èèyàn ò lè fojú gbá a?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS (síkù sẹ́ẹ̀lì), ẹ jẹ́ kó máa mumi dáadáa, kẹ́ ẹ sì tètè tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Ásíìdì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ SS tètè ká kọ́rọ́.

Àwọn tó ń gbé agbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn ìrora mì bí ẹ̀pà torí ìrora iṣẹ́, àwọn lẹ̀rù ń bà mí fún jù. Kídìnrín lẹ ń lù. Ọjọ́ tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, 70 ojoojúmọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ga jọ.

*

"Láàbù méjì, èsì méjì, ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan ní bicarbonate 23, èkejì ní 17. Ta ni ká gbà gbọ́?"

Ó lè má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà, tí wọ́n ṣí ìdérí ìgò ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí iná ò sí, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ á máa bá afẹ́fẹ́ lọ, bicarbonate á máa wálẹ̀ nínú èsì. Tí wọ́n bá so rọ́bà mọ́ apá pẹ́ títí tí wọ́n sì ní kó o máa fún ọwọ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, potassium á gòkè láìnídìí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí èsì kan bá ṣàjèjì sí bí ara aláìsàn ṣe rí, kí wọ́n tún un ṣe.

E&U (àyẹ̀wò iyọ̀ àti yúríà inú ẹ̀jẹ̀) tí ẹ ń rí yìí, inú iṣan lásán la ti ń fà á, bicarbonate nìkan ló ń sọ, kò sọ pH. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mọ pH rẹ̀ gan-an, inú iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n máa ti fà á, ó máa ń dunni ju ti iṣan lásán lọ, ẹni tí wọ́n ṣe fún rí mọ̀. A gbọ́dọ̀ lé atẹ́gùn kúrò nínú sírínjì lójú ẹsẹ̀ ká sì gbé e sáré. Torí náà ẹni tó bá kán nǹkan sómi tó ní òun ti mọ ásíìdì ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ bi í pé níbo ni sírínjì ẹ̀ wà.

*

Ọmọ Ẹ̀rẹ́jà tún dé, ó mú ẹjọ́ mi dání lọ́tẹ̀ yìí: bàbá ẹ̀ ní àìsàn kídìnrín, dókítà fúnra ẹ̀ kọ tábúlẹ́ẹ̀tì sodium bicarbonate fún bàbá, "ẹ wá sọ pé sódà ò dáa."

Fún bàbá, ó dáa. Kídìnrín wọn ò lè ṣe bicarbonate tó mọ́, dókítà rí i nínú E&U pé ó ti já sísàlẹ̀ 22, ó wá ń bá wọn dí àlàfo ẹ̀ ní ìwọ̀n tó mọ̀, á sì máa wo BP àti ẹsẹ̀ wọn bóyá ó ń wú. Fún màmá Ọmọ Lágere tí kídìnrín ẹ̀ ṣì ń lé ásíìdì sínú ìtọ̀ láràárọ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Má fi ti ìta kún ti bàbá, má sì dín in kù nítorí ohun tí mo kọ síbí. Tí ẹ bá padà lọ sí kíliníìkì, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà bicarbonate àti ti potassium tuntun fún yín, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì fún bàbá ní ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó sọ iye tí potassium wọn jẹ́.